Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Bàálù tó fẹ́ balẹ̀ lórí bàálù mẹ́rin

Lóru ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 2017, awakọ̀ bàálù Air Canada kan tó ń balẹ̀ sí San Francisco rí iná níwájú. Ó bi olùdarí inú ilé ìṣọ́ bóyá ọ̀nà ìbalẹ̀ ṣófo. Ìyẹn ní kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Òótọ́ ló sọ! Àmọ́ ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ni bàálù náà dorí kọ, níbi tí bàálù mẹ́rin tó ti kó èrò ti ń dúró láti gbéra. Iná ọ̀nà ìbalẹ̀ kejì tí wọ́n ti pa ló ṣi awakọ̀ lọ́nà, tó fi rò pé ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ni ọ̀nà ìbalẹ̀. Ó kù bí ẹsẹ̀ bàtà 60 kí bàálù náà kanlẹ̀ kó tó padà sókè. Olùdarí kan ṣoṣo ló ń dá iṣẹ́ ilé ìṣọ́ ṣe lóru náà, èyí tó burú jáì lójú tèmi. Ẹ̀rọ ìṣọ́ wọn pàápàá kò dún, nítorí wọn kò ṣe é láti mọ bàálù tó fẹ́ balẹ̀ sọ́nà ẹ̀gbẹ́.