Bí Ilé Ìwòsàn Bá Jìnnà sí Wa



Láti ìgbà tí àwọn àgbà ti kúrò ní New York lọ tẹ Ọ̀yọ́túnjí dó ní South Carolina ní 1970, àwọn kan nínú wa ní Amẹ́ríkà ń wá ilẹ̀ sí ìgbèríko, kí wọ́n lè gbin ewé, kí wọ́n sì lùlù láìsí ẹjọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n ibi tí ewé pọ̀ sí, ilé ìwòsàn kì í sábà pọ̀ níbẹ̀.

Gbogbo ilé ìwòsàn kọ́ ló sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Òfin ọdún 1997 fàyè gba irú èyí tí ibùsùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 25 lọ. Láti 2023, irú mìíràn tún wà tó ń gba aláìsàn pàjáwìrì tọ̀sán tòru, ṣùgbọ́n tí kì í dá a dúró fún ìtọ́jú ọlọ́jọ́ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ní ìgbèríko kò gbẹ̀bí mọ́, nítorí náà kí aboyún tètè béèrè.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ará ìlú ńlá náà. Ní gúúsù Chicago, ilé ìwòsàn Yunifásítì ti ẹ̀ka tó ń tọ́jú àgbàlagbà tó bá fara pa yánnayànna pa ní 1988. Ọdún 2018 ni wọ́n tó tún un ṣí.

Àkókò ni jíjìn ń gbà lọ́wọ́ aláìsàn. Ẹ wo àrùn rọpárọsẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí iṣan ọpọlọ, oògùn kan wà tó lè tú u, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1996. Láàárín wákàtí 4 àti ààbọ̀ ni wọ́n sábà ń fún ni, wọ́n sì ń kà á láti ìgbà tí a rí onítọ̀hún kẹ́yìn tí ara rẹ̀ dá. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya àwòrán orí. Bí wákàtí méjì bá lọ nídìí àgbo, tí ọ̀kan lọ lójú ọ̀nà, ẹ ṣírò èyí tó kù.

Ẹsẹ̀ ọ̀gá mi ni mo ti kọ́ ewé, mo sì mọyì rẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹnu ẹnì kan bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ pe 911 lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fún un ní àgbo, ẹ má fún un lómi pàápàá, nítorí ọ̀fun rẹ̀ lè má ṣiṣẹ́, ohun mímu a sì gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ kọ aago tí ẹ rí i kẹ́yìn tí ara rẹ̀ dá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pe babaláwo yín.

Ẹ ṣe èyí lọ́sẹ̀ yìí:

1. Ẹ béèrè ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín tó ń tọ́jú rọpárọsẹ̀, àti èyí tó ń gbẹ̀bí.

2. Ẹ kọ orúkọ oògùn àti ewé tí ẹ ń lò sí ìwé kan. Aáyù àti atalẹ̀ púpọ̀ lè bá oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì jà.

3. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà ilé yín hàn sójú títì lóru.

4. Ẹ má tìtorí owó jókòó sílé. Láti 1986, òfin ti sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀ka pàjáwìrì ló gbọ́dọ̀ yẹ aláìsàn wò, kí wọ́n sì dóòlà rẹ̀, ì báà lówó, ì báà má ní.

Kí Ògún la ọ̀nà fún wa, kí Ọ̀sanyìn jẹ́ kí ewé wa jẹ́. Àṣẹ.