Ẹ́ńjìnnì àti Àwọn Ẹbí Rẹ̀

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà tó ń jẹ́ *engine*. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kéèyàn dọ́gbọ́n sí nǹkan, tàbí kó fi àrékérekè mú ọmọnìkejì rẹ̀. Ìlò yẹn ti kú. Ọ̀rọ̀-orúkọ tó bá a tan ló ṣẹ́ kù, òun sì ni ẹ́ńjìnnì tó ń dún ní àwọn ilé iṣẹ́ Ìjù, Ọ̀tà àti Sango.

Látìnì ni orísun rẹ̀. *Ingenium* ni àwọn ará Róòmù ń pe làákàyè tí a bí mọ́ èèyàn. Gbòǹgbò rẹ̀ jẹ mọ́ ọmọ bíbí, láti inú gbòǹgbò kan náà sì ni *jẹnẹrétọ̀* ti wá.

Nígbà tó dé èdè Faransé, ó di *engin*, ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ sì di *engeignier*. Ó wá túmọ̀ sí làákàyè, ẹ̀tàn, àti ohun tí ọgbọ́n bá ṣe jáde, bíi ẹ̀rọ tí àwọn ológun fi ń ju òkúta lu odi ìlú. Bẹ́ẹ̀ náà ni "dọ́gbọ́n" rí lẹ́nu Yorùbá: ẹni tó dọ́gbọ́n tún ẹ̀rọ ṣe gba ìyìn, ẹni tó dọ́gbọ́n gba owó olówó gba èébú. Lẹ́yìn tí William ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, Faransé di èdè ààfin níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì bá a wọlé.

Ní 1668, La Fontaine, akéwì ilẹ̀ Faransé, lo ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé náà nínú ìtàn ọ̀pọ̀lọ́ tó fẹ́ tan eku sínú omi, tí àṣá fi gbé àwọn méjèèjì lọ. Ó dùn ún pé ọ̀rọ̀ náà ti gbó jù.

Lẹ́nu àwọn Potogí, *ingenium* di *engenho*. Ní Bràsíìlì, òun ni orúkọ ilé ìfúnrèké: wọ́n á ki ìrèké sáàárín òpó tó ń yí, wọ́n á sì se omi rẹ̀ di ṣúgà. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ló ṣe iṣẹ́ àṣekára yìí.

Ní 1712, Thomas Newcomen, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ooru omi gbígbóná wa ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde nínú kòtò ìwakùsà. Láti ìgbà náà ni *engine* ti ń di orúkọ ẹ̀rọ tó ń dá agbára ara rẹ̀ pèsè. Irú rẹ̀ ló fa rélùwéè láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901.

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìdí-Ìrókò láti Sango wọ orílẹ̀-èdè Benin yóò gbọ́ *ingénieur*, ìyẹn ẹnjiníà. Níbẹ̀, *s'ingénier*, kéèyàn fọgbọ́n wá ọ̀nà, ṣì wà nínú èdè Faransé títí dòní.