Bí Òbí Bá Kú, Ta Ni Yóò Dúró Tì Wọ́n?

Àwọn ènìyàn kan ń bẹ láàárín wa tí a kì í sábà gbọ́ orúkọ wọn nígbà ìdìbò: àwọn àgbàlagbà tí ó ní ọ́tísìmù. Nígbà tí wọ́n wà ní ọmọdé, àánú wọn a máa ṣe aráyé. Ṣùgbọ́n bí irùngbọ̀n bá hù tán, àánú a di ìbẹ̀rù, ìbẹ̀rù a sì di ẹ̀gàn. Àwọn kan a pè wọ́n ní dìndìnrìn, àwọn mìíràn a ní ayé ni ó ṣe wọ́n. Irọ́ ni méjèèjì.

Ọ́tísìmù kì í ṣe wèrè, kì í ṣe èpè, kò sì sí oògùn tí ń wò ó. Láti kékeré ni ó ti ń bẹ lára ẹni. Ọ̀nà tí ọpọlọ fi ń gba ọ̀rọ̀, ariwo àti ìṣe ọmọnìkejì ni ó yàtọ̀. Ìlú onílù ni Ẹdẹ. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tí ó jọba láti 1946 títí di 1975, jẹ́ ọ̀gá nínú ìlù dùndún. Ṣùgbọ́n ìlù tí ń mú orí wa wú lè dà bí pàṣán lára ẹni tí ó ní ọ́tísìmù, kí ó di etí, kí ó sì sá. A ó ní orí rẹ̀ ti dàrú, bẹ́ẹ̀ ariwo ni ó pọ̀ jù fún un.

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ìyá irú ọmọ yìí mọ̀ pé ti òun lè má rí bẹ́ẹ̀. Ní ẹni ọgọ́ta ọdún, òun ni ó ṣì ń bọ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ohun tí kì í jẹ́ kí ó sùn ni pé: bí mo bá kú ńkọ́? Àwa kò gbà pé kí a ti ọmọ náà mọ́ yàrá ni ìdáhùn.

Ohun tí a ń béèrè kò ṣòro. Kí àgbàlagbà náà ní yàrá àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ nínú agbo ilé tí a ti mọ̀ ọ́n, kí olùrànlọ́wọ́ tí a kọ́ níṣẹ́, tí a sì ń san owó oṣù fún, máa wá bá a ní wákàtí tí a dá. Yóò kọ́ ọ bí a ti ń ra gàárì, bí a ti ń gba ṣéńjì, bí a ti ń dáná, bí a ti ń wọ ọkọ̀ láti Ẹdẹ dé Òṣogbo. Díẹ̀díẹ̀ ni, pẹ̀lú àwòrán lára ògiri bí ọ̀rọ̀ ẹnu kò bá tó. Èyí tí ó bá mọ̀ ọ́n ṣe, a ó fi sílẹ̀ fún un. Èyí tí kò lè ṣe, a ó máa bá a ṣe é.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní àṣà òyìnbó nìyí, kí ó bi Abẹ́òkúta léèrè. Láti 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo ti ń fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn Àrò ká, ìbátan wọn a sì wà pẹ̀lú wọn. Wọn a gba ìtọ́jú lójúmọmọ, wọn a sì padà sílé. Ọ̀ràn tiwọn yàtọ̀ sí ọ́tísìmù, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ wúlò fún wa: agbo ilé lè ṣe ohun tí ògiri gíga kò lè ṣe.

Òfin pẹ̀lú ń bẹ lẹ́yìn wa. Òfin àwọn akàndá ẹ̀dá ti 2018, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019, ka ìyàsọ́tọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba sapá kí ó kéré tán ẹni 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ akàndá. Ṣùgbọ́n òfin kì í dáná, òfin kì í sì í kan ilẹ̀kùn láàárọ̀ kúkùtù.

Nítorí náà, ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì, ti Àríwá Ẹdẹ àti ti Gúúsù Ẹdẹ, ya owó sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ó yẹ kí Pólì Ẹdẹ àti àwọn yunifásítì tí ó wà nílùú bá wa kọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ ń rí àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ẹ má nà wọ́n nítorí ohun tí wọn kò mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní ọ̀nà ìdádúró láti ìgbà èwe. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí ẹni tí ń wá ìbò bá dé ojúde yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí yóò ṣe fún ẹni tí ìyá rẹ̀ ti ń darúgbó. Bí kò bá ní ìdáhùn, ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹ ti gbọ́.