Láti Ìsàbà dé adágún Ìyákẹ́: kí ló ń dá omi dúró lórí òkè?

Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ wa kan bi mí nínú kíláàsì ló gbé wa dé Nàìjíríà. A ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa omi, mo sì ti sọ pé ibi tó rẹlẹ̀ ni omi máa ń ṣàn lọ. Ọmọkùnrin yìí, ọmọ Ìsàbà gan-an, nawọ́ sókè, ó ní: "Ọ̀gá, tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ni omi ń wá, kí ló dé tí adágún kan wà lórí òkè ní Adó-Àwáyè?" Ó ti rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù. Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rín o, torí mi ò ní ìdáhùn kankan lẹ́nu.

Ká má dá àwọn tó rẹ́rìn-ín lẹ́bi. Ẹni tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, níbo ló ti máa rí òkè? Ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ, amọ̀ dúdú ni látòkè délẹ̀. Kí ọmọ wa tó rí òkè àpáta ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, ó di kó lọ sí Ìdáàṣà, ìlú tí wọ́n ń pè ní ìlú òkè 41, tàbí kó dé Ṣábẹ̀ẹ́. Òkè tó wà ní Adó-Àwáyè, nítòsí Ìṣẹ́yìn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ga ju mítà 400 lọ sí ìpele òkun, orí rẹ̀ sì ni omi tí wọ́n ń pè ní Ìyákẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìwé, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn wá. Láti ọdún 1979 ni àdéhùn CEDEAO (àwọn ará Nàìjíríà ń pè é ní ECOWAS) ti sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láì gba físà, kó sì lo ọjọ́ 90. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ "láì gba físà", wọ́n rò pé "láì mú ìwé" ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ mú páásípọ́ọ̀tù tàbí káàdì ìdánimọ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, pẹ̀lú ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ìwé pélébé aláwọ̀ ìyeyè yẹn. Nígbà tí a dé Ìgóló, tí mo ní kí kálukú mú káàdì rẹ̀ jáde, ti ọmọ tó béèrè ìbéèrè yẹn ti kọjá ọjọ́ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Èmi náà jẹ̀bi, kò yẹ kí n dúró di ẹnu bodè kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó padà sílé. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀, òdìkejì bodè yẹn ni wọ́n ti bí i. Ọdún 1889 ni àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò lórí ààlà yìí. Kò sẹ́ni tó bi àwọn ìyá àgbà wa léèrè.

Àwa méjìlá tó kù rékọjá sí Ìdí-Ìrókò. Ẹni tó bá rántí pé oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni Nàìjíríà ti bodè, tí ti Ìdí-Ìrókò kò sì ṣí padà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022, kò ní ráhùn pé wọ́n yẹ báàgì òun wò. Láti ibẹ̀, ó di Ìlaròó, Pápáláǹtò, Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ la sùn. Àwọn kan máa ń pè é ní ìrìn-àjò ọjọ́ kan, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti Pọ̀bẹ́ tàbí Sàkétẹ́ gbéra, ẹ fi òru kan kún un. Àwọn tó ń dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà pọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín lọ́hùn-ún. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, a gba Ìgbó-Ọrà, ìlú àwọn ìbejì, a gba Èrúwà, a kọrí sí apá Ìṣẹ́yìn. Nígbà tí òkè náà yọ lókèèrè, gbogbo ariwo inú mọ́tò dákẹ́.

Ẹ má dá gun òkè náà. Ẹ kí àwọn ará ìlú, ẹ mú ẹni tó máa fọ̀nà hàn yín. Tiwa ní Yorùbá wa dà bíi ti ìyá òun àgbà. Wọ́n ní àtẹ̀gùn ibẹ̀ jẹ́ 369. Mo kà á dé 120, èémí ò jẹ́ kí n ka èyí tó kù. Lẹ́yìn àtẹ̀gùn, àpáta lásán ló kù. Ẹ wọ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú, ẹ gbé omi mímu dání. Wọ́n fi òkúta Ìṣagẹ hàn wá, tó dúró lórí àpáta bí ẹni pé atẹ́gùn lè tì í ṣubú. Wọ́n fi àwọn ihò kéékèèké hàn wá nínú àpáta, tó rí bí ojú ẹsẹ̀ èèyàn: Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi àwọn ihò yẹn sọ́kàn.

Lẹ́yìn náà la rí Ìyákẹ́ fúnra rẹ̀. Kò tóbi bí ẹ ṣe rò. Omi tó dákẹ́ rọ́rọ́, tí koríko yí ká. Àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ ti ń wá síbẹ̀ tipẹ́. Wọ́n tún ní kò nísàlẹ̀, pé ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kì í jáde. Ní tèmi, gbogbo ihò ló nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má wọ̀ ọ́: ẹ ò rí ìsàlẹ̀ yẹn, kò sì sí ẹni tó máa yọ yín.

Báwo lomi ṣe débẹ̀, tí kò sì ṣàn lọ? Kò sí ilẹ̀ tó ga ju orí òkè lọ nítòsí tí odò lè ti ṣàn wá, nítorí náà òjò ni. Òkúta líle ni òkè náà, omi kì í wọ inú rẹ̀ bó ṣe ń wọ iyanrìn. Ṣùgbọ́n níbi tó bá ti sán, òjò á máa dúró síbẹ̀, á máa jẹ òkúta náà díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi di ìyẹ̀pẹ̀ tí àgbàrá ń gbé lọ. Ihò á máa fẹ̀ sí i fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Èyí tó kéré dà bí ojú ẹsẹ̀. Èyí tó tóbi ń di adágún. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, oòrùn á fa àwọn kéékèèké gbẹ, àmọ́ èyí tó bá jìn ń fi omi pa mọ́ de òjò tó ń bọ̀. Àwọn ará ìlú ní Ìyákẹ́ kì í gbẹ rárá.

Wọ́n tún ń sọ pé irú rẹ̀ méjì péré ló wà láyé, pé èkejì wà ní Kolorádò ní Amẹ́ríkà. Ẹ rọra gba ìyẹn gbọ́. Odò ló ń ṣàn bọ́ sínú ti Kolorádò, ẹfun tí omi náà ń gbé bọ̀ ló sì mọ etí rẹ̀. Adágún Oku ní Kamẹrúùnù náà wà ní òkè tó ju mítà 2,000 lọ, inú ihò òkè oníná àtijọ́ ló wà. Ọ̀nà tí omi ń gbà dé orí òkè pọ̀. Ìyákẹ́ kò sì so rọ̀ sórí nǹkan kan o, ó jókòó ni.

Orí àpáta yẹn ni mo ti pe ọmọ tó padà sílé. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: "Á á, bíi ti ilẹ̀ wa náà ni. Tí òjò bá rọ̀, amọ̀ wa á dì, omi á dúró lórí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún ní: "Nígbà yẹn, Ọ̀gá, irọ́ kọ́ lẹ pa. Inú ihò yẹn ni ibi tó rẹlẹ̀ jù lórí òkè náà." Ìdáhùn tí mo wá kọjá bodè lọ wá nìyẹn, láti ẹnu ẹni tó jókòó sí Ìsàbà.

Ó ti gba káàdì tuntun. Lẹ́yìn òjò ọdún yìí, a tún ń lọ, mo sì ti ní kí gbogbo wọn kó káàdì wọn wá fún mi ní oṣù kan ṣáájú.