Ẹsẹ̀ Òsì Aboyún

Bí oyún bá ti wọ oṣù keje, ẹsẹ̀ wíwú kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Aboyún á bọ́ bàtà sílẹ̀, á wá sílípáàsì ọkọ rẹ̀ wọ̀. Tó bá jẹ́ méjèèjì ló wú, tí kò sí ẹ̀jẹ̀ ríru nídìí ẹ̀, kò burú jù. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ fura sí, àgàgà ti òsì: tó wú ju èkejì lọ, tó gbóná, tó ń dùn láti ẹ̀yìn ojúgun dé itan. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan tó wà nísàlẹ̀ ẹran.

Kí ló dé tó fi jẹ́ òsì? Nínú ìbàdí, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún gorí èyí tó ń dá ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ òsì padà. Ilé ọmọ tó ti wúwo tún wá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ aboyún a máa tètè dì, kó má baà ya jù lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀.

Ohun tó bani lẹ́rù ni kí ìṣù ẹ̀jẹ̀ náà já, kó lọ dí iṣan ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ìyá àgbà kankan fi òrí wọ́ ẹsẹ̀ yẹn, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ tutù tó.

Sikáànì ni wọ́n fi ń yẹ iṣan wò. Kò pa ọmọ lára. Abẹ́rẹ́ hẹ́párìn, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni ìtọ́jú rẹ̀. Aboyún lè gún un fúnra rẹ̀ sí awọ ikùn lójoojúmọ́, kì í sì í gba ibi ọmọ kọjá sí ọmọ lára. Wọ́fárìn, oògùn míì tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ dídì, ní tirẹ̀ ń kọjá, ó sì lè ba ọmọ jẹ́. Ẹ̀yìn ìbímọ ni tirẹ̀, kò dí ọmú lọ́wọ́. Bí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ìbímọ bá ti wà nílẹ̀, wọ́n á dá abẹ́rẹ́ dúró ní wákàtí 24 ṣáájú. Bó bá sì ń rọbí, kó má gún òmíràn kí dókítà tó rí i.

Lẹ́yìn ìkómọ, abẹ́rẹ́ a máa súni. Ẹ má fi sílẹ̀: ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́ ni ewu pọ̀ jù, ìtọ́jú kò sì gbọ́dọ̀ dín ní oṣù 3 lápapọ̀.

Irú ewu yìí bá Serena Williams, ìlúmọ̀ọ́ká nídìí tẹ́nìsì, tó bímọ nípasẹ̀ iṣẹ́ abẹ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017. Lọ́jọ́ kejì, èémí rẹ̀ ń há. Irú rẹ̀ ti ṣe é rí ní 2011, ó sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ̀jẹ̀ ló dì. Nọ́ọ̀sì rò pé oògùn ìrora ló ń dà á láàmú. Ẹsẹ̀ ni dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kò rí nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n ya àwòrán àyà ni wọ́n tó rí ìṣù ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.