Bí pọ́límà ṣe ń mú kí omi dáàbò bo oríkèé ara

Bí ènìyàn bá da omi sí àtẹ́lẹwọ́, tó sì fi ọwọ́ kejì tẹ̀ ẹ́, omi náà yóò sá jáde, awọ yóò sì máa gbo awọ. Bí ó bá jẹ́ omi ilá ni, ọwọ́ yóò máa yọ̀. Pọ́límà ló fa ìyàtọ̀ yìí, ìyẹn èròjà tín-ín-tìn-ín tó so kọ́ra gùn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn, tó sì di omi mú.

Irú pọ́límà bẹ́ẹ̀, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní hyaluronic acid, wà nínú omi orúnkún àti ti ìbàdí. Òun pẹ̀lú èròjà mìíràn tó ń jẹ́ lubricin ni kì í jẹ́ kí orí eegun tètè gbo ara wọn jẹ. Ilá jíjẹ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, ohun yòówù kí àwọn tó ń polówó rẹ̀ sọ: inú ìfun ni omi ilá ń gbà, kì í dé oríkèé.

Oríkèé àtọwọ́dá ni ọ̀rọ̀ ti le. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oníṣẹ́ abẹ John Charnley kọ́kọ́ lo Teflon fún oríkèé ìbàdí, ṣùgbọ́n kíá ló jẹ tán. Ní ọdún 1962 ló bọ́ sórí ike líle tí wọ́n ń pè ní polyethylene. Pọ́límà ni òun náà, ṣùgbọ́n kì í fa omi mọ́ra. Bí aláìsàn bá ti ń rìn ni ẹ̀kúnná ike ń họ kúrò lára rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti àrùn yóò gbé e mì, wọn kò sì ní lè dà á. Ìbínú wọn ló ń mú kí eegun tó yí oríkèé náà ká máa yọ́, títí tí yóò fi mì. Ẹni tó ta ilẹ̀ san owó iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ yóò tún máa wá owó èkejì.

Ní ọdún 2004, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Tokyo kéde pé àwọn gbin pọ́límà MPC sójú ike náà. Ó fẹ́ràn omi, ó sì dúró ṣánṣán bí irun àrán, omi kò sì rí ọ̀nà sá. Nínú ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ẹsẹ̀ tó ń rìn, ẹ̀kúnná ike dínkù púpọ̀. Láti ọdún 2011 ni wọ́n ti fọwọ́ sí irú oríkèé bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn ní Japan.

Àwọn mìíràn ń po hóró pọ́límà rírọ̀ mọ́ omi fúnra rẹ̀. Hóró náà a mu omi yó. Bí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́, a pẹlẹbẹ, a tú omi díẹ̀ sáàárín ojú méjèèjì, a sì tún fà á padà nígbà tí ẹrù bá kúrò. Yàrá ìwádìí ni èyí ṣì wà. Kí ó tó wọ oríkèé ènìyàn, ó gbọ́dọ̀ hàn kedere ibi tí hóró náà yóò gbà lọ bó bá fọ́, nítorí ara ti fi ohun tó ń ṣe sí ẹ̀kúnná tí kò lè dà hàn.