Ẹṣin Ojúde Ọba: Iṣẹ́ Ọdún Kan fún Ògo Ọjọ́ Kan

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù,

Àwọn baba wa ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Nínú ìwé yìí, àwọn ìdílé tí ó ń gun ẹṣin níbi àjọ̀dún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ni a fẹ́ kí ẹ wò bí ẹṣin iwájú. Kì í ṣe ẹwà aṣọ wọn ni a fẹ́ sọ, bí kò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nígbà tí kò sí ẹni tí ń wò wọ́n. Bí ẹ bá ní in lọ́kàn láti ra ẹṣin, tàbí bí ẹ bá ń gbin ọkà tí ẹlòmíràn lè rà fún ẹṣin rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

ỌJỌ́ ÌDÍJE

Ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú máa ń pé jọ sí ojúde ààfin Awùjalẹ̀. Ó ti lé ní 100 ọdún tí àṣà yìí ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ìlú ń lọ kí ọba láti dúpẹ́ pé ó fún wọn ní àyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Lónìí, tonígbàgbọ́ tìmàle ni ó ń kópa níbẹ̀. Àwọn régberégbe, èyíinì ni ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, á kọjá pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìdílé Balógun àti ti Ẹlẹ́ṣin á wọlé, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn jagunjagun àtijọ́. Ìdílé Balógun Kúkù wà lára wọn.

Ìdílé kọ̀ọ̀kan ni ó ní onílù àti oríkì tirẹ̀. Àgbà á gun ẹṣin, ọ̀dọ́ á gùn, ọmọdé pàápàá á gùn. Ìbọn á máa dún, eruku á sọ lálá, ẹṣin á sì máa fi ẹsẹ̀ jó sí ìlù. Àwọn tí a yàn láti ṣe ìdájọ́ á wo ìdílé tí ó tayọ, a ó sì fún un ní ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìdílé kan ń lò níwájú ọba. Ohun tí ó mú ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn dára ni iṣẹ́ àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ti gbogbo ọdún.

ÌDÍ TÍ ẸṢIN FI ṢÒRO SÌN NÍ ILẸ̀ IGBÓ

Ẹ má ṣe rò pé ẹṣin dà bí ewúrẹ́ tí a lè dá sílẹ̀ kí ó máa jẹ̀ káàkiri. Ọ̀yọ́ Ilé, tí ó fi ẹlẹ́ṣin jagun tí ó sì fi dá ìjọba ńlá sílẹ̀, wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Síbẹ̀, láti òkè Ọya ni wọ́n ti ń ra púpọ̀ nínú ẹṣin wọn. Ohun tí ó fà á ni eṣinṣin sẹ́sẹ́, èyí tí ó máa ń gbé ní ibi òjìji, ní etí odò àti nínú igbó. Bí ó bá mu ẹ̀jẹ̀ ẹran tí ó ní àrùn, tí ó sì tún jẹ ẹṣin, yóò gbin kòkòrò àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin náà. Ìbátan kòkòrò yìí ni ó ń fa àìsàn oorun fún ènìyàn.

Ìjẹ̀bú jẹ́ ilẹ̀ igbó. Nítorí náà, títí di òní, òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ ẹṣin tí a ń rí ní ojúde náà ti wá. Ẹni tí ó bá ra irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó ti mú un kúrò ní ilẹ̀ tí ó bá a lára mu, ó sì di dandan kí ó fi ìtọ́jú dí àlàfo náà.

BÍ ILÉ ṢE Ń PÍN IṢẸ́

Ní ilé tí iṣẹ́ yìí ti di àjogúnbá, ọmọdé kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí gàárì. Omi ni yóò kọ́kọ́ máa pọn, yóò máa gbá ilé ẹṣin, yóò sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì nu ara ẹṣin. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ẹṣin yóò mọ òórùn àti ohùn rẹ̀. Bí ó bá dàgbà díẹ̀, yóò kọ́ bí a ti ń gbé ẹsẹ̀ ẹṣin sókè láti yọ òkúta àti ìdọ̀tí kúrò lábẹ́ pátákò. Ìgbà tí ó bá mọ èyí ni bàbá rẹ̀ yóò tó gbé e gun ẹṣin, tí ẹlòmíràn yóò sì di okùn ìjánu mú. Obìnrin ilé ni ó sábà máa ń mọ iye ọkà tí ó kù nínú àpò, òun náà sì ni yóò kọ́kọ́ sọ pé ẹṣin kò jẹun tán lónìí. Ẹ má fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré, nítorí ibẹ̀ ni àìsàn ti ń fi ara hàn.

OÚNJẸ ÀTI OMI

Koríko ni oúnjẹ ẹṣin, ọkà jẹ́ àfikún. Ẹṣin tí ó wọn 300 kílò nílò nǹkan bí kílò 6 koríko gbígbẹ lójúmọ́. Ewé ẹ̀pà gbígbẹ dára púpọ̀. Ọkà bàbà, jéró àti èèpo ọkà ni a fi ń fún un lágbára nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ẹ má sì fún un ní òbítíbitì lẹ́ẹ̀kan. Omi mímọ́ gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀ nígbà gbogbo; ó lè mu lítà 20 sí 40 lójúmọ́ nínú oòrùn wa.

Ẹ ṣọ́ra gidigidi fún àgbàdo tí ó ti bu. Májèlé tí ó wà nínú rẹ̀ lè ba ọpọlọ ẹṣin jẹ́, kí ó sì pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ẹṣin kò lè bì. Ohun búburú tí ó bá ti gbé mì, inú rẹ̀ ni yóò wà. Bí ẹ bá rí ẹṣin tí ó ń fi ẹsẹ̀ walẹ̀, tí ó ń wo ìhà ara rẹ̀, tí ó ń yí nílẹ̀, tí ó ń làágùn, tí kò sì yàgbẹ́, inú ń run ún. Ẹ kó oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe rọ àgbo sí i lẹ́nu.

BÍ A TI Ń KỌ́ ẸṢIN

Kò yẹ kí a gun ẹṣin kí ó tó pé nǹkan bí ọdún 3, nítorí eegun rẹ̀ kò tíì gbó. Ẹ kọ́kọ́ fi okùn gígùn mú un rìn yíká, ní apá ọ̀tún àti ní apá òsì, kí ó lè mọ ohùn tí ń sọ pé kí ó lọ àti èyí tí ń sọ pé kí ó dúró. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó gbé gàárì lé e láìsí ẹlẹ́ṣin, títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀.

Ìlù àti ìbọn ni ìdánwò tí ó le jù. Ẹ jẹ́ kí onílù jìnnà ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ó sì máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Bí ẹṣin bá fò sókè, ẹ má nà án. Ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹṣin tí a fi pàṣán kọ́ yóò so ìró ìlù pọ̀ mọ́ ìrora, ọjọ́ tí èrò bá pọ̀ ni yóò sì da ẹlẹ́ṣin nù sórí àwọn ọmọdé tí ń wòran. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń háyà ẹṣin fún ọjọ́ kan. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ lọ gùn ún ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ lábẹ́ gàárì bóyá egbò wà níbẹ̀. Ẹṣin tí egbò wà lẹ́yìn rẹ̀ kò yẹ ní gígùn.

ÌṢỌ́RA LÓRÍ ÀÌSÀN

1. Ẹ ya ẹṣin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3, kí dókítà ẹran sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

2. Ẹ ṣán igbó tí ó yí ilé ẹṣin ká, kí ibi òjìji má baà di ibùgbé eṣinṣin.

3. Bí ẹṣin bá ń rù bí ó tilẹ̀ ń jẹun, tí ibà ń wá tí ó ń lọ, tí ìpénpéjú rẹ̀ funfun nínú, tí abẹ́ ikùn rẹ̀ sì wú, ẹ fura sí àrùn eṣinṣin sẹ́sẹ́. Ẹ má ra abẹ́rẹ́ lọ́jà fún ara yín. Oògùn tí màlúù ń gbà lè ṣe ẹṣin ní ibi bí a bá ṣi ìwọ̀n rẹ̀ lò.

4. Ẹ gé pátákò ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Ẹ ṣa ìṣó kúrò nílẹ̀, nítorí ipá tètè máa ń gbé ẹṣin tí ìṣó bá gún.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Ẹṣin kan lè wúwo jù fún ẹnì kan, kí ó má sì wúwo fún ìdílé tàbí ẹgbẹ́. Ẹ lè dá owó jọ lóṣooṣù fún dókítà ẹran àti oúnjẹ, kí ẹ tó dá owó láti ra ẹṣin. Ẹni tí kò ní ẹṣin pẹ̀lú lè jèrè: kí ó sá ewé ẹ̀pà rẹ̀ dípò kí ó sun ún, kí ó sì tà á fún àwọn ẹlẹ́ṣin. Ìgbẹ́ ẹṣin tí a kó jọ títí tí ó fi jẹrà dáadáa jẹ́ ajílẹ̀ tí ó dára fún oko ẹ̀fọ́.

Àwọn àgbà sọ pé bí ẹṣin bá kú, a fi ìrù délẹ̀; ọmọ ẹni ní ń gbẹ̀yìn ẹni. Ìmọ̀ ìtọ́jú ni ìrù tí àwọn ìdílé wọ̀nyí ń fi sílẹ̀ fún ọmọ wọn. Kí ẹ tó ra ẹṣin, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ta ni yóò pọn omi fún un ní ọjọ́ kejì àjọ̀dún, nígbà tí ìlù bá ti dákẹ́. Bí ẹ bá mọ orúkọ ẹni náà, ẹ rà á. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ dúró ná, kí ẹ sì lọ bá òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ẹran ọ̀sìn tí ó wà nítòsí yín fún ìmọ̀ràn.